Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ, Ti Àgbàlagbà Kò Wọ Akèrègbè

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti oríkì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àmì ohùn tí a sábà máa ń jiyàn lé lórí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì kò kan èdè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù bá mi dé òpin, ẹ ó rí i pé okùn kan náà ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀.

Mẹkáníìkì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ìlú Ìbàdàn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti máa ń lo ìsinmi ilé ìwé ní kékeré. Ní àwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn, ọkọ̀ Peugeot 504 àti Volkswagen tí gbogbo ayé ń pè ní Ìjàpá ni ó kún ìgboro. Kàdúná ni wọ́n ti ń to 504 pọ̀ láti ọdún 1975, Èkó ni wọ́n sì ti ń to Ìjàpá. Bàbá wà lára àwọn ọmọ tí ó jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Wọ́n mọ Yorùbá kà dáadáa, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà tí wọ́n fi lọ kọ́ṣẹ́.

Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ wá, Bàbá kì í yára ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọn a ní kí awakọ̀ ṣáná sí i, wọn a dijú, wọn a gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Nígbà mìíràn, wọn a gbé orí irin gígùn kan lé ara ẹ́ńjìnnì náà, wọn a sì gbé etí lé ìdí irin ọ̀hún bí dókítà tí ń gbọ́ àyà aláìsàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò wá sọ pé, “Fáàfù kejì ni.” Wọn kì í sábà ṣìnà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn yóò mú òbí tàbí alágbàtọ́ wá. Wọn yóò kọ ìwé àdéhùn, wọn yóò dá ọdún, ẹlẹ́rìí yóò sì fọwọ́ sí i. Ọmọ iṣẹ́ tuntun kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ilẹ̀ ni yóò máa gbá, irin ni yóò máa fi epo fọ̀, sípánà ni yóò máa gbé fún àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, títí tí yóò fi lè fọwọ́ lásán mọ nọ́ńbà 10 yàtọ̀ sí nọ́ńbà 13 nínú òkùnkùn. Bí ọdún bá pé, wọn yóò ṣe fíríídọ̀mù fún un. Ọ̀gá yóò gbàdúrà, ẹbí yóò jó, ọmọ iṣẹ́ yóò sì di ọ̀gá. Bí mo ti ń wo ètò yìí ní kékeré, mo rò pé kò sí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀. Ó di ìgbà tí mo dàgbà kí n tó rí àlàfo kan níbẹ̀: ohun tí ọ̀gá mọ̀ ni òpin ohun tí ọmọ iṣẹ́ lè mọ̀. Bí ìmọ̀ ọ̀gá bá gbó, ìmọ̀ ọmọ iṣẹ́ náà ti gbó kí ó tó gba fíríídọ̀mù.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilé ìwé tèmi. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ní ọdún 1982. Èrò rere ni. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé girama kékeré fọwọ́ kan iṣẹ́, kí ẹni tí kò bá tẹ̀ síwájú nínú ìwé ní ohun tí yóò fi jẹun. Wọ́n sì ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wọ̀nyí dé ọ̀pọ̀ ilé ìwé tí kò ní iná mànàmáná, tí kò sì ní olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Tiwa wà nínú àpótí pákó ní igun yàrá ìkàwé kan. Orí àpótí náà ni a máa ń jókòó sí bí òjò bá ń rọ̀. Olùkọ́ wa ya àwòrán ẹ̀rọ ìgbẹ́rin sójú pátákó, àwa náà sì yà á sínú ìwé wa, a kọ orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí i. Mo gba máàkì tí ó dára gan-an nínú ìdánwò náà. N kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan rí.

Ní yunifásítì, físíìsì ni mo kọ́. Ètò SIWES, tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ kọ́ iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, gbé mi lọ sí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé, tí mo sì ń lọ ra oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá. Ẹ wá wò ó o: ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá sí ilé wa. Ooru, ìfúnpá afẹ́fẹ́, iná mànàmáná, gbogbo ohun tí mo ń kà nínú ìwé ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Kò sí olùkọ́ tí ó rò ó pé akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ kọ́ nǹkan lábẹ́ igi máńgòrò. Èmi pàápàá kò rò ó. Bí ṣọ́ọ̀bù ti ní ọwọ́ láìní ìwé, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwé ní ìwé láìní ọwọ́, àárín méjèèjì kò sì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Àwọn àgbà ní bí onílù bá yí ìlù padà, oníjó a yí ijó padà. Ìlù yí padà fún àwọn mẹkáníìkì wa nígbà tí ọkọ̀ tòkunbọ̀ ìgbàlódé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, kábúrétọ̀ ni ó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Mẹkáníìkì lè tú u, kí ó fọ̀ ọ́, kí ó sì fi ọwọ́ yí i títí ohùn ẹ́ńjìnnì yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nínú ti ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà kékeré kan ni ó ń pinnu iye epo tí yóò wọlé, òun ni àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní ọpọlọ mọ́tò. Àwọn sẹ́ńsọ̀ ni ojú àti imú ọpọlọ yìí. Ọ̀kan ń wọn afẹ́fẹ́ tí ń wọlé, òmíràn wà nínú páìpù èéfín, ó ń wo iye ọ́síjìn tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí epo ti jó. Láti ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n bá tà níbẹ̀ ní ètò àyẹ̀wò kan náà, OBD-II. Bí nǹkan bá bàjẹ́, iná tí ó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì yóò tàn níwájú awakọ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò yóò kì í bọ ihò kan lábẹ́ sítíárìn, ọkọ̀ yóò sì fún un ní kóòdù àìsàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní in, àfi kí ó máa méfò.

Ní ọdún 2003, wọ́n gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá bá Bàbá. Bí ó bá dúró sójú kan, a máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bàbá pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, wọ́n fọ ohun gbogbo tí ó ṣeé fọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Olówó ọkọ̀ kò bínú, ó kàn rọra wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́kùnrin kan ní òpópónà kejì tí ó ní ẹ̀rọ ayẹ̀wò. Kí ọdún náà tó parí, ọmọ iṣẹ́ méjì ti tẹ̀ lé e lọ.

Ní àkókò yẹn ni Bàbá pè mí lórí fóònù. Èkó ni mo wà, mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwọ ni o kàwé. Wá bá mi ka ohun tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ yìí.” Ìdáhùn mi ṣì ń dùn mí dòní. Mo ní, “Bàbá, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Ó ṣòro, kò lè yé yín.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Ó dáa,” wọ́n sì gé fóònù. Kí í ṣe pé mo fẹ́ rí wọn fín. Ohun tí ilé ìwé kọ́ mi ni mo sọ: pé ìmọ̀ tí ó bá wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sí fún irú àwọn bàbá bẹ́ẹ̀.

Ọdún 2006 ni mo padà dé ṣọ́ọ̀bù náà. Koríko ti hù yí i ká. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù. Ojú tì mí. Nígbà tí mo tún padà wá, mo ra ẹ̀rọ ayẹ̀wò kékeré kan dání, a sì fi wo ọkọ̀ kan tí ẹnìkan gbé wá. Kóòdù tí ó jáde ni P0171. Mo ṣí ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá ẹ̀rọ náà wá, mo kà á, mo sì fi ìgboyà sọ pé sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn ni ó kú. A lọ ra òmíràn. Owó rẹ̀ kò kéré. A fi sí i, a pa iná náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, iná ti padà tàn.

Bàbá kò bú mi. Wọ́n jókòó sórí táyà kan, wọ́n ní, “Gbólóhùn tí o kà yẹn, kí ni ó túmọ̀ sí gan-an?”

Mo ní, “Bàbá, ó ní afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì.”

“Ìyẹn ni pé ó ń jẹ òkèlè, ọbẹ̀ kò tó?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Tí imú sì sọ fún ọpọlọ pé ọbẹ̀ kò tó. Kí ni ìdí tí o fi wá ń bá imú jà? Ohun tí ó gbóòórùn ni ó sọ. Jẹ́ kí a lọ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé.”

Wọ́n ní kí n ṣáná sí ọkọ̀. Wọ́n tẹríba, wọ́n dijú bí wọ́n ti máa ń ṣe láyé 504. Wọ́n gbọ́ ohùn kan tí èmi kò gbọ́, bí ìgbà tí ejò bá ń mí. Wọ́n bu omi díẹ̀, wọ́n ń ta á sára rọ́bà tí ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì. Bí omi ti kan ìsàlẹ̀ rọ́bà náà, ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. Rọ́bà ti ya lábẹ́, níbi tí ojú kò lè dé. Afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kò wọ̀n ni ó ń gba ibẹ̀ wọlé. Owó tí a fi ra rọ́bà tuntun kò tó nǹkan kan lára owó sẹ́ńsọ̀ tí èmi ọ̀mọ̀wé ní kí a rà.

Ọjọ́ yẹn ni òwe tí mo fi ṣe àkọlé yìí yé mi. Láìsí ẹ̀rọ ayẹ̀wò àti ẹni tí ó lè ka kóòdù, Bàbá kò ní mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Láìsí etí Bàbá, èmi ìbá máa ra ẹ̀yà ọkọ̀ títí owó oníbàárà yóò fi tán. Ohun tí ó sì so ọwọ́ mi pọ̀ mọ́ tiwọn ni ìtumọ̀ gbólóhùn kan sí èdè Yorùbá. Kí n tó túmọ̀ rẹ̀, èmi pàápàá tí mo kà á kò tíì ronú sí ohun tí ó sọ.

Láti ìgbà náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kan. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí Ìbàdàn, a ó jókòó lálẹ́, n ó ka kóòdù kan, n ó túmọ̀ rẹ̀, Bàbá yóò sì sọ ohun tí ó lè fà á, àti ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó náwó. Ọmọ iṣẹ́ wọn ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ohun tí kò sí nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ìwé wa. Bàbá ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni omi ti wọ̀ rí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí náà wọ́n fi òfin kan síbẹ̀: kí a ṣí kápẹ́ẹ̀tì wò bóyá wáyà ti dípẹtà kí a tó fi ẹ̀sùn kan ọpọlọ mọ́tò. Wọ́n fi ti epo àdàlù náà kún un, àti ti eku tí ń jẹ wáyà ọkọ̀ tí ó bá pẹ́ nílẹ̀. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà kò mọ gbogbo èyí, nítorí pé kì í ṣe ìlú wọn ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ìmọ̀ tuntun nìyẹn, ó sì ti abẹ́ igi máńgòrò jáde.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa bí orílẹ̀-èdè ṣe lè máa dá àrà tuntun, ọkàn wa a máa sáré lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti yàrá ìwádìí. Wọ́n ṣe pàtàkì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè gba ohun tuntun, kí ó tú u, kí ó mọ ìdí tí ó fi ń ṣiṣẹ́, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi ti ìlú rẹ̀ kún un, òun ni ó ń sọ ìwádìí di oúnjẹ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá pọ̀ ní ìlú, a ó máa ra ẹ̀rọ ni, a ó sì máa jókòó lórí àpótí rẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀.

Àjọ àgbáyé WIPO a máa gbé ìwé jáde lọ́dọọdún nípa bí orílẹ̀-èdè ṣe ń dá àrà tuntun sí. Ní ọdún 2024, Nàìjíríà wà ní ipò 113 nínú orílẹ̀-èdè 133. Swítsàlandì ni ó wà ní ipò kìíní, bí ó ti ń rí lọ́dọọdún láti 2011. Ènìyàn lè rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ ti ń sáré wọ yunifásítì. Rárá o. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọ̀dọ́ wọn ni ó ń gba ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ dandan. Wọn yóò wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀, wọn yóò sì wà nílé ìwé fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àdéhùn wà, ọ̀gá ń san owó oṣù díẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà sì ní iyì jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ẹni tí ó bá fẹ́ kàwé sí i lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí fún un.

N kò sọ pé ìkọ́ṣẹ́ nìkan ni ó gbé wọn débẹ̀. Wọ́n ní owó, wọ́n sì ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ńlá ní Zurich tí ó ti wà láti 1855. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò náà dáadáa: ìwé àdéhùn, ọ̀gá, ọdún ìkọ́ṣẹ́, fíríídọ̀mù. Ohun tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ni wọ́n ní. Ọjọ́ kan tàbí méjì nílé ìwé láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi jù wọ́n lọ, pẹ̀lú ìjọba tí ó mọ̀ pé wọ́n wà.

Àwa náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, ní nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn, Henry Townsend gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀, ó sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Nígbà tí ó di 1859, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá ti ọwọ́ àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ náà jáde. Ní 1947, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Yábàá. Ní 1971, ìjọba dá àjọ ITF sílẹ̀ láti máa mójú tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ní 2011, ètò ẹ̀kọ́ tuntun kan dé ilé ìwé girama àgbà, tí ó ka iṣẹ́ ọwọ́ 34 sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ yan ó kéré tán ọ̀kan. Èrò kò wọ́n wa.

Níbo wá ni ìṣòro wà? Lójú tèmi, ibi tí iṣẹ́ ti ń kọ́ ènìyàn gan-an ni ètò wọ̀nyí kì í dé. Owó ITF, ìyẹn ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè tàbí tí ó ń pa àádọ́ta mílíọ̀nù náírà lọ́dún ni òfin ní kí ó ti wá. Ilé iṣẹ́ tí ó bá san án ni ó sì lè gba díẹ̀ padà bí ó bá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá tí ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta kò sí nínú ìṣirò yìí, bẹ́ẹ̀ irú wọn ni ó ń kọ́ aránṣọ, onírìwáyà, alágbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà wa. Ìjọba fọwọ́ sí ètò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ kan ní 2013 lábẹ́ NBTE, tí ó lè fún ẹni tí ó mọṣẹ́ ní ìwé ẹ̀rí láìbèèrè ilé ìwé tí ó lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìlànà irú ètò bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ jù ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sẹ́yìn.

Èdè ni a wá padà dé yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan ní ilé ìwé St. Stephen’s ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n kọ ìwé, wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní gbogbo ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Inú wa dùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kan náà kéde pé òun ti wọ́gi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo ilé ìwé máa fi kọ́ni. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ọdún mẹ́ta péré, kí ìwé tó jáde, kí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Ìwádìí Ifẹ̀ lo ọdún mẹ́fà fún ọmọ kan ṣoṣo láti bẹ̀rẹ̀ dé ìparí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò sí bí a ṣe fẹ́ ṣe é tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò kò ní máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ohun tí mo ń sọ ni pé kíkà yàtọ̀ sí òye. Ní ọjọ́ P0171, èmi ni mo ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nínú Yorùbá ni a ti ronú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, mo ní iṣẹ́ kan fún yín. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó sún mọ́ yín, ẹ mú ìwé àti bírò dání, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ ó gbọ́ pé ọkọ̀ ń wúkọ́, pé ó ń mí, pé ó ń jẹ epo, pé ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú. Àwọn tí a ń pè ní aláìmọ̀wé ti fi ara ènìyàn ṣe àpèjúwe ẹ̀rọ tí wọn kò bí wọn sínú rẹ̀. Àwa tí a ń jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì kì í sábà bi wọ́n léèrè. Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ẹ bi ọ̀gá léèrè ohun tí ó ń dà á láàmú nínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì túmọ̀ ojú ìwé kan ṣoṣo fún un. Ẹ má sọ fún un pé kò lè yé e.

Bàbá ti dàgbà púpọ̀ báyìí. Wọn kì í ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àga wọn ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò náà. Ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó kù ní 2006 ni ó ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún nísinsìnyí. Ìwé wa ti di mẹ́ta, epo ti ba ojú ewé púpọ̀ jẹ́. Nígbà tí mo lọ kí wọn kẹ́yìn, ọ̀dọ́ ọ̀gá náà ń ka ìwé àdéhùn fún ọmọ tuntun kan àti ìyá rẹ̀, mo sì gbọ́ ohun kan tí kò sí nínú ìwé àdéhùn ayé àtijọ́: ọjọ́ Ẹtì ni ọjọ́ ìwé. Ní ọjọ́ náà, kò sí ilẹ̀ gbígbá títí di aago méjìlá. Kí gbogbo ọmọ iṣẹ́ jókòó, kí wọ́n kà.

Bàbá wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ṣé ó yé ọ báyìí?”

Ó yé mi, Bàbá. Ó dìgbà kan ná o.